Omi Ẹlẹ́ẹ̀kejì fún Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ọkùnrin kan wà ní Ìkirè tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ìbéèrè ìdánwò ló ń tẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, igun pálọ̀ rẹ̀ sì ni tábìlì iṣẹ́ wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó náà wá, wọ́n bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń ṣe, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ire wọlé. Bí nǹkan bá ń dára lẹ́yìn omi yẹn, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ìyàwó tutù. Bí nǹkan bá wá ń bàjẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n máa wò.

Nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ omi kò dé mọ́, omi ń kán tó, tó, tó, tọ̀sán-tòru. Fáànù ń han. Fìríìjì á ké, á dákẹ́, á tún ké. Ìyàwó kò kọ́kọ́ kà á sí, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ ni. Ó gé rọ́bà lára sílípáàsì tó ti já, ó fi dí ẹnu ẹ̀rọ omi, omi dúró. Ó kán epo sí ọrùn fáànù, fáànù panu mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé aya ni mo fẹ́ àbí mẹkáníìkì?"

"Méjèèjì ni. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé wa, wọ́n á ní kí ẹ wá fi kún ẹrù ìdána."

Fìríìjì nìkan ni kò gbọ́ tirẹ̀. Ìyá ọkọ sì ti fi ẹja tútù ránṣẹ́ sí wọn, báàgì kan gbáko, ó ku díẹ̀ kó máa rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyàwó lọ sọ́jà, ọkọ ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Sìtábíláísà kan ṣoṣo ló wà nílé, àpótí kékeré tó máa ń gbé iná sókè tí kò bá tó, tó sì máa ń dín in kù tí ó bá le jù, abẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà ló sì wà. Ó yọ ọ́, ó gbé e sẹ́yìn fìríìjì. Ó wá ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lásán. Ó ní tí òun bá dé, òun á dá a padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jáde lọ.

Ìyàwó ti ọjà dé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti bá ọkọ rẹ̀ parí iṣẹ́, nítorí ìdánwò ti dé tán. Iná lọ. Nígbà tí iná máa padà, tagbára-tagbára ló dé. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yàà, kọ̀ǹpútà dún pàá, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣú.

Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọkọ sáré délé. Ó bá ìyàwó ní ẹ̀yìnkùlé, ó dojú kọ ògiri kí àwọn ará agboolé má bàa rí omijé rẹ̀. Ọkọ kò lọ bá a. Inú ilé ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó yọ sìtábíláísà lẹ́yìn fìríìjì, ó dá a padà sábẹ́ tábìlì, ó sì fi wáyà sí i bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti àná.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé, ó wò ó. "Ṣé ara sìtábíláísà yìí lẹ fi í sí nígbà tó jó?"

Ìyàwó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló máa ń wà."

Ọkọ ń wo ilẹ̀.

"A jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló ti kú nìyẹn. Màá gbé e lọ, àmọ́ ẹ má fọkàn sí i."

Ọ̀rọ̀ náà jáde nílé. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ẹ̀rọ omi, fáànù, fìríìjì, ó wá kan kọ̀ǹpútà! Láti ìgbà tó ti wọlé ni o." Ìyàwó gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Tí ọkọ bá ní kó tan fáànù, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án fúnra yín. Ọwọ́ mi kò dára." Rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ omi tún yẹ̀. Ó gbé abọ́ sí i nídìí, ó jókòó tì í, ó ń wò ó.

Ọkọ ò rójú jókòó. Á dìde, á jáde, á tún wọlé. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè rẹ̀, á padà. Ó ní tó bá dọ̀la. Ọ̀la dé, ó ní kí kọ̀ǹpútà padà wálé ná. Omi ń kán tó, tó, tó.

Kọ̀ǹpútà kò padà. Ìyá ọkọ ló dé, pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, àwọn obìnrin ilé sì tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó wa, kò sí ìjà o. Ká kàn tún omi bù sí ẹsẹ̀ yìí ni. Bóyá ti àkọ́kọ́ kò kárí."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló tiẹ̀ bu ti àkọ́kọ́? Àfi bó bá jẹ́ omi gbígbóná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì tẹ orí ba. Ọkọ rí ẹsẹ̀ náà, bó ṣe tò wọ́n pọ̀ bíi ti ọmọdé tí wọ́n fẹ́ nà.

"Màámi, ẹ dúró. Ọwọ́ mi ni kí ẹ bu omi yẹn sí."

"Àyìnlá, kí lo wí?"

Ó sọ ọ́ láti orí ẹja títí dé abẹ́ tábìlì. Kò fi ẹyọ kan pamọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "O wá jẹ́ kí n gbé omi wá bá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ." Ó da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ, ó sì kúnlẹ̀ mú sílípáàsì ìyàwó, ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n pe ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ? Ibi tí iná ń gbà wọlé ni ǹ bá ti kọ́kọ́ wò." Ibẹ̀ náà ló sì jó, iṣẹ́ inú rẹ̀ wà lódidi. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹlòmíì, kò sì padà.

Ìyàwó mú ọ̀bẹ, ó wá sílípáàsì ògbólógbòó jáde, ó kọrí sídìí ẹ̀rọ omi. Ọkọ fẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ jókòó. Tí mo bá fẹ́ kí ẹ bá mi di nǹkan mú, màá pè yín."

Ó pẹ́ kó tó pè é. Nígbà tó pè é, sísá ló sá lọ.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé jọ, ìwọ ni mò ń bá wí. Nǹkan á bàjẹ́ nílé rẹ, kò sẹ́ni tí nǹkan kì í bàjẹ́ fún, sílípáàsì tó já lè tún òmíì ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá ṣí kúrò láyè rẹ̀, sọ ọ́ lónìí. Má ní ọ̀la. Gbogbo ìgbà tó o fi ń dákẹ́ yẹn, ẹnì kan ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nítorí rẹ.