Àkísà Ọ̀tún Ìjàwẹ̀

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí ló wá ń bẹ lára àkísà tí àgbà fi ń yangàn? Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò tí ì gbọ́ ti Ajíléye ni.

Ayàwòrán ni Ajíléye nílùú Ìjàwẹ̀, láyé ọjọ́un tí wọ́n ń fi ẹfun, osùn àti ẹ̀lú kun ògiri ilé ọlọ́lá. Àwọn ará àtijọ́ ló máa ń yà, á sì ya aṣọ ìgbà wọn mọ́ wọn lára, tòun ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní àpótí kan tó kún fún sányán, ẹtù àti àlàárì, èyí tó ń wò yà. Ó fi àpótí yìí fọ́nnu títí, ó ní kò sí aṣọ tí àgbà kan wọ̀ rí tí òun kò ní irú rẹ̀.

Ẹfúntọ́lá, opó Ọ̀tún, ló ránṣẹ́ pè é. Ojú ìyá arúgbó náà ń ṣú lọ, ohun tó sì ń fẹ́ ni kó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó fọ́ pátápátá. Ajíléye fi osùn ya dàńdógó àlàárì sí Ọ̀tún lọ́rùn, ó dé fìlà abetí-ajá fún un. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yìn ín.

Ìyá súnmọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta nìyí, ọmọ mi?"

"Ọ̀tún ni, Ìyá."

"Aṣọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Òun alára dà?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ajíléye wọra. Ó ní kò sí aṣọ tó dára ju èyí lọ nínú àpótí òun. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé igbá àkísà kan jáde, nítorí àwọn àgbà ìgbà náà kì í ju àkísà nù. Ó fa kíjìpá kan yọ. Ó ní èyí ni Ọ̀tún wọ̀ lọ́dún tí ìyàn mú, tí èjìká aṣọ náà ya níbi tó ti ń gbé òun ìyàwó rẹ̀ la odò kọjá. Òwú dúdú ni òun rí fi rán an, ọkọ sì kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n tún un rán mọ́ títí aṣọ fi gbó. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n Oyèdélé, àkọ́bí wọn.

Ojú ti Ajíléye. Kò sí ọ̀kan nínú aṣọ àpótí rẹ̀ tí òjò ti pa rí. "Ìyá, n kò ní irú èyí."

"O lè ní aṣọ bí àgbà, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Níbo lo ti máa rí àkísà bí àgbà?"

Ajíléye pa àlàárì náà rẹ́. Ó ya kíjìpá, ó sì fa òwú dúdú sí èjìká rẹ̀. Ìyá fi ìka tọ ipa òwú náà dé ọrùn, dé ojú, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá Oyèdélé," ló wí, "ẹ kú àtijọ́."

Àwọn tó wà níbẹ̀ sunkún, Ajíléye náà sunkún. Àwọn ló mú ọ̀rọ̀ ìyá lọ sílé, tó fi di òwe: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.