Orúkọ tí Ọ̀gá Akínmúsirẹ́ Sọ Ọmọ ní Ìlúdò

Nígbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò ní ìgbèríko, ìlú mẹ́fà kan wà tí wọ́n múlé ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ilé-ìwé tirẹ̀. Òkè-Ajọ ló tóbi jù nínú wọn. Ìlúdò ló kéré jù, orí omi ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí: òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n sì fi ń ti ilé kan dé òmíràn. Ohun tí tíṣà bá mọ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ti wà ní ìwé kẹrin ní ìlú kan lè dé ìlú kejì kí wọ́n ní kó padà sí ìwé kejì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí sú àwọn òbí, ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa ilé-ìwé wọn pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, pé kí wọ́n jọ máa dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, kí ìlànà ẹ̀kọ́ wọn sì jẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀gá Hesekáyà Akínmúsirẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé Òkè-Ajọ, ni wọ́n fi ṣe alága. Ènìyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì ní ìmẹ́lẹ́. Abúlé ni wọ́n ti bí i. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá tí bàbá rẹ̀ mú un wá sí ìlú, wọ́n fún un ní ìṣirò kan, kò mọ ọ́n, wọ́n sì fi í jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún méje. Kò gbàgbé ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín lọ́jọ́ náà. Ó ti pinnu pé bí òun bá ní agbára, kò sí ọmọ abúlé tí irú rẹ̀ yóò tún ṣẹlẹ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ fún ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jókòó ti tábìlì rẹ̀ ní Òkè-Ajọ fún oṣù mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ tán láìpe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó kà á fún ìpàdé, àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló dìde. Moróunfólú ni, obìnrin tó ń ṣe olórí ilé-ìwé Ìlúdò. Ó fi sùúrù sọ pé ìdánwò tí ìlànà náà fi sí oṣù kẹwàá bọ́ sí ìgbà tí edé ń ya wọ odò, tí gbogbo ilé máa ń kó lọ sí àgọ́ ìpẹja, tọmọdé tàgbà. Ó ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ebè iṣu mẹ́wàá, yóò ṣòro níbi tí kò sí ilẹ̀. Ó bẹ alága pé kó wá wo Ìlúdò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Akínmúsirẹ́ gbọ́ ọ tán. Kò bínú.

"Tíṣà, tí mo bá yọ èyí fún Ìlúdò lónìí, ìlú mìíràn á ní kí n yọ tọ̀hún lọ́la," ló dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ yín náà ni yóò pàdánù. Wọn á dé ìlú, àwọn ọmọ ibẹ̀ á sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

Moróunfólú jókòó, nítorí òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn tíṣà péjọ sí Òkè-Ajọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ́ wọn bí a ti í kọ ebè, bí a ti í gbin ebu, bí a ti í fi igi gbé ìtàkùn iṣu dúró. Moróunfólú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó ní kí àwọn ọmọ kó ẹrẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tó ti gbó, kí wọ́n fi kọ ebè. Òjò ọ̀sẹ̀ kan fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ọmọ wọn ń lọ ṣe nílé-ìwé. Nígbà tí edé dé, tí ìdánwò sì dé pẹ̀lú rẹ̀, edé ni wọ́n yàn. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nílé-ìwé Ìlúdò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, mẹ́rìnlélógún ló kù. Alábẹ̀wò ilé-ìwé kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé bí wọn kò bá pé ọgbọ̀n kí ọdún tó parí, kí wọ́n ti ilé-ìwé náà pa.

Ọ̀rọ̀ náà dun Akínmúsirẹ́. Ó gbà pé ìlànà òun kò lábùkù, níwọ̀n bí ìlú márùn-ún yòókù ti ń tẹ̀ lé e. Ó gbà pé tíṣà ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé pé kí Moróunfólú fi Ìlúdò sílẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé ìlú náà nìyẹn.

Ilé Ẹgbẹ́yẹmí, olórí àwọn òbí, ni wọ́n ní kó wọ̀ sí. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọkùnrin tí ìyàwó Ẹgbẹ́yẹmí bí lórúkọ. Moróunfólú kò sí nítòsí; ó ti wa ọkọ̀ lọ sí àgọ́ ìpẹja láti lọ bẹ àwọn òbí. Inú ilé kún, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ènìyàn lọ sílẹ̀ ju ti ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ lọ. Akínmúsirẹ́ rí àga ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Fìlà àgbàlagbà wà lórí rẹ̀, ọ̀pá sì fara ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ń wo àga náà, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Akínmúsirẹ́ gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé inú Bàbá ìbá dùn lónìí. Ó fi gbogbo rẹ̀ sọ́kàn. Ó rò pé kì í ṣe ohun tí àlejò ń béèrè ní ọjọ́ ìkómọ.

Wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu. Ẹgbẹ́yẹmí ní nígbà tí àlejò pàtàkì wà láàárín wọn, kí ó kọ́kọ́ fún ọmọ ní orúkọ kan. Akínmúsirẹ́ dìde. Ó fẹ́ sọ ohun tí yóò tu ilé náà nínú.

"Babátúndé," ló wí.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ìyá àgbà gbé ọmọ náà fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Ẹgbẹ́yẹmí tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ọkùnrin kan sún mọ́ Akínmúsirẹ́, ó sì ṣàlàyé fún un létí. Bàbá Orímisan, bàbá Ẹgbẹ́yẹmí, kò kú. Ó lọ sójú omi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìjì kan jà lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ mẹ́ta dojú dé, wọn kò sì tíì gbúròó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń bẹ̀rù ohun kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi ẹnu kàn án. Àlejò ló wá fi ẹnu kàn án, lójú gbogbo ènìyàn, ó sì fi sọ ọmọ lórúkọ.

Akínmúsirẹ́ jókòó síbi tó wà. Kò lè jáde, nítorí omi ló yí ilé ká, kò sì mọ ọkọ̀ wà.

Nígbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàtàrí, wọ́n gbọ́ ariwo lójú omi. Bàbá Orímisan ló ń bọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fọ́ nínú ìjì, ó sì ti dúró sí àgọ́ kan lókè odò láti tún un ṣe. Ó gun àkàbà wọlé, àwọn obìnrin rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ilé dákẹ́. Bí Akínmúsirẹ́ bá dákẹ́ pẹ̀lú wọn, kò sẹ́ni tí ìbá tú u fó. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Babátúndé ni, Bàbá. Èmi ni mo sọ ọ́."

Bàbá wò ó. "Ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Mo rí àga, mo rí fìlà, mo sì rò pé mo ti mọ ìyókù."

"O kò bi ìyàwó mi?"

"N kò bi í, sà."

Bàbá Orímisan ní kó dìde. Kò gbé ohùn sókè. "Orúkọ rere ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ti ilé mìíràn ni. Ẹni tí yóò bá sọ ọmọ wa lórúkọ, kó kọ́kọ́ wo ilé wa." Ó wá sọ ọmọ náà ní Omídìran, nítorí orí omi ni bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ti jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Moróunfólú dé. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu bà á. Akínmúsirẹ́ kò mú ìwé tó wà nínú àpò jáde. Ó ní kó wa òun lọ síbi tí àwọn ọmọ wà.

Àgọ́ edé ni wọ́n bá wọn. Akínmúsirẹ́ bi ọmọbìnrin kan tó ń ṣa edé pé bí agbọ̀n kan bá gba igbá mẹ́jọ, igbá mélòó ló wà nínú agbọ̀n mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní mẹ́rìndínlógóje. Ó fi kún un pé kí wọ́n tètè máa lọ, nítorí omi yóò fà láìpẹ́, ọkọ̀ wọn á sì há sínú ẹrẹ̀. Wọn kò tètè lọ. Ọkọ̀ wọn há, wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀ títí omi fi padà kún. Níbẹ̀ ni Akínmúsirẹ́ ti ń bi Moróunfólú ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ èsì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó fẹ́ fi lé e kúrò.

Ìlúdò ni wọ́n ti ṣe ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Akínmúsirẹ́ kò gbà kí ìwé kíkà àti ìṣirò ìlú kan rọrùn ju ti òmíràn lọ. Lórí ìyẹn, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sún ìdánwò Ìlúdò kọjá ìgbà edé, wọ́n sì fi àwọ̀n híhun rọ́pò ebè iṣu. Wọ́n tún pinnu pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní máa jẹ́ ti Òkè-Ajọ nìkan mọ́: yóò máa yí ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, ilé àwọn òbí ni àwọn tíṣà yóò sì máa wọ̀ sí fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kálámù. Àwọn tíṣà Òkè-Ajọ kùn. Ọ̀kan nínú wọn já sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún méjì gbáko ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ọdún tí alábẹ̀wò dá fún Ìlúdò parí, àwọn ọmọ ti ń padà láti àgọ́ edé, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà nílé-ìwé, wọn kò sì tì í pa.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Akínmúsirẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dìde sọ ìtàn ọmọ tó sọ lórúkọ, kò sì yọ ìtìjú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn tíṣà mú ìtàn náà dé ilé, àwọn òbí mú un dé ọjà, títí ọ̀rọ̀ fi gbó lẹ́nu ará ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ó sì di òwe tí à ń pa títí dòní: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.