Fèrè Ọdẹ Lápò Onífọ́tò

Onífọ́tò kan wà ní ìlú kan létí ọ̀dàn, ẹran igbó ni ó máa ń yà. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ẹni tó ń ya ènìyàn lè ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó gbé ojú sókè. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbọ̀nrín?

Ní ọdún kan, àwọn kan fẹ́ tẹ ìwé ńlá nípa ẹran ilẹ̀ wa. Wọ́n ní bí ó bá lè mú fọ́tò akọ àgbọ̀nrín méjì tó ń jà nítorí abo wá, fọ́tò náà ni yóò wà lára èèpo ìwé náà. Àsìkò ìjà yẹn kì í pẹ́. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni àwọn akọ máa ń kojú ara wọn. Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, ó ti parí. Ọkùnrin yìí sì fẹ́ èèpo ìwé náà bí ẹni ń wá ọmọ. Fọ́tò tó sọ ọ́ di olókìkí ti pẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbọ̀nrín èṣí ló ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá rí i pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ó fún un ní fèrè kékeré kan.

“Fun èyí. Ohùn abo ni wọn yóò gbọ́. Kò sí akọ tó lè kọ̀ ọ́.”

“Ẹ ṣé, bàbá mi.”

Nígbà tí àsìkò ń lọ sópin, ó lúgọ sí ibùba rẹ̀ láti òwúrọ̀. Akọ ńlá kan jáde. Ẹ̀dá Ọlọ́run mà dára o! Ọrùn rẹ̀ ki, ìlà funfun wà lára rẹ̀, erùpẹ̀ tó fi ìwo hú ṣì lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Akọ kejì dúró lódì kejì odò, kò fẹ́ kọjá. Onífọ́tò gbé fèrè sẹ́nu.

Ni ó bá rántí ìgbà tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko ọdẹ. Àgbọ̀nrín tó gbọ́ fèrè yìí kì í rọra wá. Ó máa ń sáré bọ̀, etí rẹ̀ á dúró ṣánṣán, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Inú dídùn ló máa ń gbé e wá síwájú ìbọn. Òótọ́ ni pé kámẹ́rà kì í pa ẹran. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì yìí bá jà, wọ́n á jà nítorí abo tí kò sí.

Ó dá fèrè padà sápò. Akọ kejì yí padà, ó lọ. Ó dun onífọ́tò dọ́kàn, n kò ní purọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni abo kan wá mumi fúnra rẹ̀. Akọ kejì padà, ìjà sì bẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Eruku àti ìwo tó kọ́ ara wọn nìkan ló hàn nínú fọ́tò tó rí yà. Àwọn oníwèé náà mú ti ẹlòmíràn. Ó gbé tirẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, bàbá rẹ̀ sì wò ó títí.

“Àwọn wọ̀nyí ò gbọ́ fèrè, àbí?”

“Wọn ò gbọ́ ọ, bàbá.”

Bàbá kò bèèrè fèrè rẹ̀ mọ́. Irú onífọ́tò bẹ́ẹ̀ wù mí púpọ̀.

Pásítọ̀, ọmọ mi, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. Mo mọ̀ pé ìjọ rẹ kéré, àga tó ṣófo sì ń dùn ọ́. O ní o ti rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá tí yóò tiro wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò ju ọ̀pá nù lẹ́yìn àdúrà rẹ, kí èrò lè wá. Ní kí ó jókòó sílé rẹ̀. Èrò á wá lóòótọ́, n kò jiyàn. Ìyá kan á gbọ́ lábúlé, á pọn ọmọ rẹ̀ tí kò lè rìn, á máa kọrin bọ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá dé iwájú rẹ, tó sọ ọmọ náà kalẹ̀, kí lo fẹ́ wí fún un?