Ọmọ Tí Gbogbo Ilẹ̀ Sọ Lórúkọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Láníhùn, kúrò lórí ẹní mi. Àlọ́ mi gun òkè, ó sọdá odò, ó lọ balẹ̀ sí ààfin Ẹfọ̀n.

Ní ìgbà kan rí, Ẹfọ̀n jọba lórí ilẹ̀ ńlá kan. Ọ̀bọ ń gbé orí òkè, Ọ̀nì ń gbé inú odò, àwa èèyàn wà nínú igbó, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ sì wà ní ọ̀dàn. Èdè wọn ò dọ́gba, àmọ́ ọba kan náà ni wọ́n ń sìn.

Bí wọ́n bá ti pàdé láàfin, ariwo ni. Ọ̀bọ á ní, 'Òkè ni olórí ilẹ̀ yìí.' Ọ̀nì á ní, 'Odò ni.' Àwọn ará igbó á ní, 'Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, igbó ni.'"

"Èwo wá ni olórí nínú wọn, Ìyá Àgbà?"

"Ìwọ náà ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn sú Ẹfọ̀n. Ó ní kí wọ́n ṣọgbà yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹnikẹ́ni má sọdá mọ́. Ààfin parọ́rọ́, Ẹfọ̀n ń sùn, ó ń hanrun.

Kò pẹ́, Ìbíwùmí, olorì rẹ̀, bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ó di ọjọ́ ìkómọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe ìyẹn lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà ààfin ní, 'Kábíyèsí, oyin dà? Ẹja dà? Orógbó dà?'

Ẹfọ̀n wò yíká. Koríko nìkan ló rí.

'Ṣé ẹ ò lè fi koríko ṣe é ni?'

Olorì bú sẹ́kún. 'Koríko kẹ̀? Kábíyèsí, bí àṣà wa ṣe rí, bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí ọmọ yìí ò lórúkọ, kò lè ní in mọ́ láé. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣọgbà. Ẹ lọ wó o.'

Ẹ̀rù ba Ẹfọ̀n. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Kò dúró dé adé, ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń fi ìwo wó ọgbà, ó ń kọrin. Ẹ gbè é fún mi:

Òkè, ẹ gbóyin wá o."

"Ọmọ ń dúró!"

"Odò, ẹ gbẹ́ja wá o."

"Ọmọ ń dúró!"

"Igbó, ẹ gbórógbó wá o."

"Ọmọ ń dúró!"

"Tọmọdé tàgbà sáré wá. Ẹni tó bá sì mú nǹkan wá síbi ìkómọ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀bọ sọ ọ́ ní Òkéwálé. Ọ̀nì sọ ọ́ ní Omíyalé. Àwọn ará igbó sọ ọ́ ní Ìrókòtọ́lá. Ìgbà náà ni oòrùn wọ̀.

Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. 'Èwo gan-an ni orúkọ rẹ̀?'

Ẹfọ̀n ní, 'Ẹ pè é, ká gbọ́.'

Ọ̀bọ pè é, ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀nì pè é, ọmọ rẹ́rìn-ín. Àwọn ará igbó pè é, ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bèèrè olórí.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí ò sí lọ́dọ̀ wa ń bẹ lọ́dọ̀ aládùúgbò wa. Ká má fi ọgbà lé e sẹ́yìn.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀kọ gbígbóná má wọ̀ mí lọ́fun láàárọ̀ ọ̀la."

"Ẹ ò parọ́, Ìyá Àgbà!"