Ìdí tí Sítíárìn fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀

Nígbà láéláé, gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ara ọkọ̀ kò bá dá, mẹkáníìkì kì í dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Yóò kàn jókòó sórí àpótí, yóò ní, "Ta ni nǹkan ń ṣe nínú yín?" Wọn yóò sì dá a lóhùn.

Òfin kan ni wọ́n ní. Àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ ní irọ́ ni.

Aṣàbí ní ọkọ̀ kan tó fi ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Táyà Ẹ̀yìn Ọ̀tún ni àgbà nínú ọkọ̀ náà. Sítíárìn ló kéré jù, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àràárọ̀ ni Aṣàbí ń dì í mú jẹ́jẹ́, tí àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Ìdí rẹ̀ ń mì bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Aṣàbí wà á lọ sọ́dọ̀ Lámídì mẹkáníìkì.

Ó ní, "Ọ̀gá Lámídì, bí mo bá fi díẹ̀ yà, ọkọ̀ yìí á fi púpọ̀ yà. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé o."

Lámídì jókòó, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Táyà Ẹ̀yìn Ọ̀tún mọ̀ pé òun ni. Atẹ́gùn ń jò lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́, wọn á ní ó ti gbó, wọn á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ni àgbàyà náà bá lanu, ó ní, "Sítíárìn ni. Ọmọ náà kì í fara balẹ̀."

Táyà Ẹ̀yìn Òsì mọ òtítọ́, ó dákẹ́. Bíréèkì náà mọ̀ ọ́n, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Sítíárìn fẹ́ sọ̀rọ̀, òfin dí i lẹ́nu.

Lámídì mú sípánà, ó tú Sítíárìn, ó jù ú sẹ́yìn ọgbà láàárín àwọn irin tó ti dípẹtà. Ó fi òmíràn sípò rẹ̀.

Inú bí Sítíárìn débi pé kò lè sunkún. Ó bínú sí Táyà. Ó bínú sí àwọn tó dákẹ́. Lámídì ló bínú sí jù, nítorí ọkùnrin náà ní ojú, kò fi wò, ó ní ọwọ́, kò fi kan nǹkan kan. Inú ń bí èmi náà bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́bàá odò, ìdí ọkọ̀ fò kúrò lójú ọ̀nà. Etí kòtò ni ó dúró sí. Àwọn ọmọ ké, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fara pa. Aṣàbí fẹsẹ̀ rìn mú wọn dé ilé ìwé, ó wá kọrí sí ọ̀dọ̀ Lámídì.

Ó ní, "Ẹ ò wo ọkọ̀ náà. Ẹ kàn bi í léèrè ni. Ṣé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?"

Ojú ti Lámídì. Ó bá a lọ síbi kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ tẹ àwọn táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀yìn ọ̀tún tẹ̀ wọnú. Ó da omi ọṣẹ sí i, omi náà ń hó.

Lámídì ní, "Ìwọ lo purọ́. Ẹ̀yin tó kù sì mọ̀, ẹ dákẹ́. Ó dáa, ẹ máa dákẹ́ lọ títí láé."

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ní àṣẹ láyé ìgbà yẹn. Ẹnu gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ pa dé, àfi ti Sítíárìn tí kò sí níbẹ̀.

Lámídì lọ gbé Sítíárìn láàárín ìpẹtà, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Sítíárìn ní, "Mo ti gbọ́, Baba. Ẹ dá mi padà sípò mi. Àmọ́ n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n bá ń fi pamọ́ nísàlẹ̀, màá gbọ̀n títí ọwọ́ awakọ̀ á fi mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò ti fọhùn mọ́, tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ wo táyà kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn náà ni Sítíárìn ti ń gbọ̀n. Bó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe lù ú. Inú ló ṣì ń bí i. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ lọ wo táyà.