Pẹ̀lẹ́ Tí Ọmọ Ehoro Kí Ìkookò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ rọra gbè é, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ tòní kò fẹ́ ariwo.

Àwọn Ìkookò gba ìlú àwọn ẹranko, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ku Ehoro kan láàyè, ẹni tó bá sì fi wọ́n pamọ́ yóò bá wọn kú. Òkété fi ọmọ Ehoro aládùúgbò rẹ̀ pamọ́ sínú ihò, ó ń kọrin sí i létí:

Ọmọ Ehoro, má fọhùn,
Dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Ogun wà lójúde,
Dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìkookò kan dé ẹnu ihò, ó halẹ̀. Ọmọ dákẹ́. Ó tún wá, ó fi ẹ̀pà tàn án. Ebi ń pa ọmọ, síbẹ̀ ó dákẹ́. Nígbà kẹta, Ìkookò ti ń padà lọ nígbà tó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. "Yéè!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ni ohùn kékeré kan wí láti inú ihò. Bí ìyá rẹ̀ olóògbé ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ihò Òkété kò lójú kejì tí wọn ìbá gbà sá. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì kú sí. Ìdí nìyẹn tí ìran Òkété kì í fi í gbẹ́ ihò olójú kan mọ́.

Ìwọ Abọ́sẹ̀dé, o ní ẹnu ọmọ náà ló pa á? Má jẹ́ n gbọ́ ọ mọ́! Pẹ̀lẹ́ kọ́ ló pa á. Ìkookò ni.