Ewé Orí Àpáàdì

Àyọ̀ká ti gbé àpáàdì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Àmọ̀kẹ́ kí ìyẹn tó bọ́jú tán. Kò dúró gba ìkíni.

"Ìyàwó, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ!"

Amọ̀kòkò ni àwọn méjèèjì, ọkọ kan náà ni wọ́n sì ń fẹ́. Nílé wọn, ìkòkò kì í wọ iná láìjẹ́ pé wọ́n ti tẹ ewé etí odò kan mọ́ ọn lára nígbà tó ṣì tutù. Àpá ewé náà ni àmì ilé. Ewé ọ̀hún kì í tanná, kì í so. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀. Nígbà tí omíyalé gbá a lọ, ìyáálé àti ìyàwó pín ìwọ̀nba lẹ́búlẹ́bú tó kù nílé, wọ́n gbìn ín sórí àpáàdì tútù.

Ti Àmọ̀kẹ́ yọ ewé. Ti Àyọ̀ká hù pẹ́pẹ̀pẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ó kún àpáàdì bámúbámú, ṣùgbọ́n ewé gidi kan ò yọ.

"Akọ ni gbogbo rẹ̀ yà, bí ìbẹ́pẹ tí kì í so. Kí lo dà sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyáálé mi, n ò fọwọ́ kàn án."

"O ń wò ó láwòtúnwò lánàá."

"Wíwò lásán ni."

"Ojú tó ń wò lásán kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Àyọ̀ká ń gbóòórùn omi tí Àmọ̀kẹ́ bá pọn kó tó mu ún. Ọ̀rọ̀ náà sú ọkọ wọn. Ó ní bí ewé ìyáálé ò bá yọ kí oṣù méjì tó pé, kí Àmọ̀kẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ìyá ọkọ wọn fi orí ìka tọ́ àpáàdì méjèèjì wò.

"Àyọ̀ká, báwo lo ṣe gbìn ín?"

"Ẹ̀kúnwọ́ ni mo dà sí i, ìyá. Èmi ni ìyáálé, ṣé kí tèmi kéré sí ti ìyàwó ni?"

"Àmọ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ igbá ni mo gbọ̀n, ìyá. Kò tó nǹkan."

Ìyá àgbà fi ṣóńṣó ìgbálẹ̀ ṣa méje nínú ìpẹ́ tí Àyọ̀ká pè ní akọ, ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jìnnà síra, sórí àpáàdì mìíràn. Ó gbé e sínú yàrá ara rẹ̀. Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí òjìji Àmọ̀kẹ́ kọjá ibẹ̀.

Kí oṣù kejì tó pé, márùn-ún ti yọ ewé.

"Akọ rẹ ló bímọ yìí," ìyá àgbà wí. "Àyè ni wọn ò rí tẹ́lẹ̀. Ta ló dí wọn láyè?"

Àyọ̀ká wo ewé, ó wo ẹrù tí Àmọ̀kẹ́ ti dì síbi ògiri. Ó tú okùn ẹrù náà, ó jáde.

Títí dòní, bí ẹnìkan bá ń wá ẹni tí òun yóò di ẹ̀bi rù, ohun tí àwọn àgbà ilé náà ń wí fún un ni pé: ọwọ́ tó da irúgbìn pọ̀ jù ló sọ ọ́ di akọ, ojú orogún kọ́.